Ẹ̀rọ ayàwòrán ọpọlọ wà nílẹ̀, àwọn tó máa lò ó ńkọ́?

Ẹni tó bá ń gbé Àbújá, tí dókítà ti kọ̀wé fún rí pé kó lọ ya àwòrán ọpọlọ, á mọ bó ṣe máa ń rí. Ó dé ilé ìwòsàn àkọ́kọ́, wọ́n ní ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́. Ó dé ìkejì, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, àmọ́ dókítà tó ń ka àwòrán ti rìnrìn àjò, àfi kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìkẹta jẹ́ ti aládàáni: ẹ̀rọ wà, dókítà wà, owó ni ò sí. Láàárín gbogbo wàhálà yìí náà la tún ń gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba fẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun fún àwọn ilé ìwòsàn ńlá àti yunifásítì, tí kálukú wa á sì pàtẹ́wọ́.

Kí wọ́n rà á, kò burú. Àmọ́ tí wọ́n bá gé ríbọ́ọ̀nù tán, tí àwọn oníròyìn ti ká kámẹ́rà wọn lọ, ta ló kù nínú yàrá yẹn? Ìbéèrè tèmi nìyẹn. Torí bí a bá yọ ilé ìwòsàn tó ń ya àwòrán fún aláìsàn sẹ́yìn, yàrá ìwádìí yunifásítì tó ń fi ẹ̀rọ yìí wá ìmọ̀ tuntun nípa ọpọlọ wọ́n bí ojú láti Ìlọrin títí dé Màídúgùrí.

Ní 2018, Dókítà Godwin Ogbole ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka ẹ̀rọ MRI, èyí tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara, tó wà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 370, ẹ̀rọ 84 péré. Nàìjíríà ló ni 58 nínú rẹ̀, a sì lè fi ìyẹn fọ́nnu níwájú àwọn aládùúgbò wa, àmọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú gbogbo wọn ni agbára òòfà wọn kéré. Òòfà yìí ló yẹ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí òun ló bí gbogbo ìyókù.

Omi, òòfà, ìgbì rédíò

Ọpọlọ àgbàlagbà ò tó kílò kan ààbọ̀, síbẹ̀ sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe tó bílíọ̀nù 86. Bí a bá pín agbára tí gbogbo ara ń lò sí ọ̀nà márùn-ún, ọpọlọ nìkan ló ń jẹ ìdá kan. Agbárí ló sì bò ó. Dókítà ò lè fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe ń tẹ ikùn.

Ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ jẹ́ kí a rí i dáadáa láìla orí ẹnikẹ́ni ni CT, tó ń fi X-ray yí orí po. Godfrey Hounsfield, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe é. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1971 ni wọ́n fi ya ọpọlọ aláìsàn àkọ́kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. CT yá, ó sì dáa gan-an láti fi rí ẹ̀jẹ̀ tó bá da sínú ọpọlọ. MRI kò lo X-ray rárá ní tiẹ̀. Ara wa kún fún omi, omi sì ní háídrójìn nínú. Tí èèyàn bá dùbúlẹ̀ sáàárín òòfà tó lágbára, àwọn háídrójìn yẹn á tò sí ọ̀nà kan. Ẹ̀rọ á wá fi ìgbì rédíò tì wọ́n kúrò lójú ìlà. Bí wọ́n bá ṣe ń padà sípò ni àwọn náà á máa rán ìgbì tiwọn jáde, tí kọ̀ǹpútà á sì fi ya àwòrán. Paul Lauterbur ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ gbé irú àwòrán yìí jáde ní 1973, Peter Mansfield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ kó yá kánkán, àwọn méjèèjì sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2003.

Tesla ni wọ́n fi ń wọn agbára òòfà. Ẹ̀rọ 1.5 tesla, tó wọ́pọ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá lágbàáyé, ní òòfà tó fi ìlọ́po bíi 30,000 ju ti ilẹ̀ ayé tó ń darí kọ́ńpáàsì lọ. Kí wáyà inú rẹ̀ tó lè gbé irú agbára bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ máa wà nínú helium olómi, afẹ́fẹ́ kan tí òtútù ti sọ di omi, tó tutù ju yìnyín lọ jìnnà réré, ìwọ̀n 269 sísàlẹ̀ òdo lórí Celsius. Ẹ̀rọ amútùtù kan ló ń ṣọ́ òtútù yìí tọ̀sán tòru, iná mànàmáná ló sì ń lò. Bí iná bá lọ tí kò tètè dé, helium á bẹ̀rẹ̀ sí í di afẹ́fẹ́, á sì máa fò lọ díẹ̀díẹ̀. Òkè òkun la ti ń kó o wọlé, dọ́là la fi ń rà á. Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa kì í sábà nílò helium, ìdí kan pàtàkì nìyẹn tí wọ́n fi pọ̀.

Ẹ rántí oṣù kẹwàá ọdún 2024, nígbà tí wọ́n ba wáyà iná ńlá tó gba Shiroro lọ sí Kàdúná jẹ́, tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Àríwá wà nínú òkùnkùn fún ọjọ́ bíi mẹ́wàá. Àwọn èèyàn ń sunkún ẹran inú fírìjì. Ẹni tí MRI olóhelium wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ kò ráyè ẹkún ẹran, dísù ló ń wá kiri. Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn kan náà ni owó iná àwọn tó wà ní Band A ti fò láti náírà 68 sí náírà 225 fún kílówáàtì wákàtí kan. Nígbà tí mínísítà bá kéde pé òun ti ra ẹ̀rọ, mi ò tíì gbọ́ kí ó kéde owó dísù ọdún márùn-ún mọ́ ọn.

Àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ

Ẹni tí gbogbo wa máa ń rí ni rédíógíráfà, ẹni tó ń gbé èèyàn wọ inú ihò ẹ̀rọ. Kó tó gbà kí ẹ wọlé, ìbéèrè rẹ̀ á pọ̀, àwọn tó ń kánjú sì máa ń rò pé ó kàn ń fi àsìkò ṣòfò ni. Ṣé ẹ ní ẹ̀rọ nínú àyà? Ṣé wọ́n ti fi irin to eegun yín rí? Ṣé ẹ ti ṣiṣẹ́ wẹ́dà rí? Ìbéèrè wẹ́dà yìí lè pa àwọn ọmọ mẹkáníìkì Apo lẹ́rìn-ín, àmọ́ èérún irin tó fò sójú èèyàn lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, tí kò dùn ún mọ́, òòfà lè sún un nípò kó sì ba ojú náà jẹ́. Ní Àríwá, ìbéèrè kan tún wà tó wúlò ju bó ṣe wúlò ní Lọ́ńdọ̀nù lọ: ṣé ìbọn ti bà yín rí? Ọdẹ tí ọta ṣakabùlà kù sí lára, fijilanté, ẹni tí èérún àdó olóró bà ní Borno, gbogbo wọn ni orí lè fọ́, gbogbo wọn ni dókítà lè ní kí wọ́n lọ ya àwòrán.

Tó bá kan ìyá àgbà, rédíógíráfà tó gbọ́ Yorùbá ti mọ ibi tó yẹ kó wò. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, ṣé kò sí nǹkan kan tí ẹ so mọ́ ìró?" Màmá á ní kò sí. "Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́, Mà?" Áà, kọ́kọ́rọ́ wà o. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi mú gèlè ńkọ́? Ìyẹn náà wà. Àwọn tó wọ híjáàbù ní abẹ́rẹ́ tiwọn. Bàbá míì ní ìfúnpá tàbí oǹdè tí wọn ò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí, pàápàá jù lọ kí ọmọdé obìnrin tó wọ aṣọ funfun má rí i. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń bèèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láìdójú ti àgbàlagbà, kò sí nínú ìwé ìlò ẹ̀rọ.

Òòfà náà kì í sùn. NEPA lè mú iná lọ, yàrá lè ṣókùnkùn, òòfà olóhelium ṣì ń fa irin. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, ní ìlú Mumbai lórílẹ̀-èdè Íńdíà, ọkùnrin kan tó wá bẹ ẹbí rẹ̀ wò gbé sílíńdà ọ́síjìn wọ yàrá MRI. Òòfà fa sílíńdà àti òun fúnra rẹ̀ mọ́ra, ó sì gba ibẹ̀ kú. Ní ilé ìwòsàn tiwa, níbi tó jẹ́ pé mọ̀lẹ́bí ló ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn, tó ń gbé ọ́síjìn, tó ń sáré káàkiri, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí máa bà wá lẹ́rù.

Lẹ́yìn rédíógíráfà, nínú yàrá ìwádìí, ẹ ó rí onímọ̀ físíìsì tó ń dá ọ̀nà tí ẹ̀rọ yóò gbà ya àwòrán tí ìwádìí kọ̀ọ̀kan nílò. Ẹ ó rí ẹnjiníà, ẹ ó rí onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, tó ń pète ohun tí èèyàn yóò máa ṣe nínú ẹ̀rọ, bóyá kó máa ka ọ̀rọ̀ tàbí kó máa ṣírò. Ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, torí àwòrán orí ẹnì kan ṣoṣo lè di ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ewé nọ́ḿbà. Dókítà tó ń ka àwòrán ló ń sọ bóyá àbùkù wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà tàbí Jámánì, èèyàn mẹ́wàá ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Lọ́dọ̀ wa, ẹnì kan ló sábà máa ń da mẹ́ta pọ̀, á tún máa kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì, á sì tún lọ jókòó ní ilé ìwòsàn aládàáni lálẹ́ kí owó oṣù lè tó ó jẹ.

Mínísítà ètò ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, sọ ní oṣù kẹrin ọdún 2025 pé dókítà tó lé ní 16,000 ti kúrò ní Nàìjíríà láàárín ọdún márùn-ún sí méje. Dókítà nìkan lẹ ń gbọ́ yẹn. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún MRI ṣe, tó jápa lọ sí Saudi tàbí Kánádà, kò sẹ́ni tó ń ka irú wọn.

Àwọn tí mo kà sí òpó ilé náà ni àwọn tó ń lọ sí àdúgbò lọ bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ẹni tó lè jókòó ní iwájú ilé ní Gwagwalada, kó ṣàlàyé fún bàbá arúgbó ní Yorùbá, fún aládùúgbò rẹ̀ ní Hausa, fún ẹlòmíì ní Gbagyi, pé àwòrán la fẹ́ yà, a ò ní fa ẹ̀jẹ̀ yín, a ò ní gé nǹkan kan, ẹ sì lè ní ẹ ò ṣe mọ́ nígbàkigbà. Tí ìwádìí bá dá lórí iyè tó ń ra, ìbéèrè ẹ̀ tún le. Ẹ ò lè ní kí ẹni tí kò lọ sí ilé ìwé rí ya aago sórí ìwé, kó wá ṣàṣìṣe, kí ẹ ní ọpọlọ rẹ̀ ń jò.

Àwọn ará Ìbàdàn ti tọ́ ọ̀nà yìí tipẹ́. Láti 1992 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi àti Hugh Hendrie ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà ti ń fi àwọn arúgbó Yorùbá ní Ìdíkàn, àdúgbò kan ní Ìbàdàn, wé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, pẹ̀lú ìbéèrè tí wọ́n ṣe kó lè bá ẹni tí kò kàwé mu. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001 ya ayé lẹ́nu: nínú 1,000 arúgbó, bíi 12 ló ń bẹ̀rẹ̀ àrùn Alzheimer, tó ń ra iyè àgbàlagbà, lọ́dún kan ní Ìdíkàn, ní Indianapolis, bíi 25. Àwọn èèyàn tí baba ńlá wọn lè ti jọ wá láti ibì kan náà! Ọ̀kan lára ohun tí yàrá ìwádìí ọpọlọ lè bá wa wò nìyẹn: kí ló yàtọ̀ nínú ọpọlọ ẹni tó jẹun, tó rìn, tó sì dàgbà bíi tiwa?

Ọ̀rọ̀ irun

Kì í ṣe MRI nìkan ni wọ́n fi ń wo ọpọlọ. EEG pẹ́ jù ú lọ. Hans Berger, ará Jámánì, ló kọ́kọ́ gba iná tíntìntín tó ń jáde láti ọpọlọ èèyàn sílẹ̀ ní 1924. Wọ́n á lẹ àwọn wáyà kéékèèké mọ́ awọ orí, ẹ̀rọ á sì máa fa ìlà. Kò wọ́n bíi MRI, kò nílò helium, jẹnẹrétọ̀ kékeré á gbé e. Fún àrùn wárápá, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó ń bá nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 èèyàn fínra, tí bíi mẹ́jọ nínú mẹ́wàá wọn sì wà ní orílẹ̀-èdè tí owó ò ti pọ̀, EEG ló yẹ kó sún mọ́ wa jù.

Àmọ́ wáyà náà gbọ́dọ̀ kan awọ orí. Kí obìnrin lo gbogbo ọ̀sán Sátidé lọ́dọ̀ onídìrí ní Kubwa, kó di ṣùkú tàbí kòlẹ́sẹ̀ tó rẹwà, kó san owó gidi, kó wá dé láàbù lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí wọ́n ní kó tú u. Ta ló máa san owó míì fún un? Ní òkè òkun, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn ò tilẹ̀ ní kó tú u; wọ́n á kàn yọ ọ́ kúrò nínú ìwádìí, tàbí kí wọ́n gba iná ọpọlọ rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì wá jù ú nù torí kò mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni orí aláwọ̀ dúdú ṣe ń pòórá nínú ìwé àwọn onímọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìmọ̀ ibi.

Ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Arnelle Etienne, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Carnegie Mellon University ní Amẹ́ríkà, ló jókòó ro ọ̀rọ̀ yìí. Kàkà kí ó bá irun jà, ó ní kí wọ́n di í ní ọ̀nà tí ojú ìlà irun yóò fi bá ibi tí wáyà yẹ kó wà mu, ó sì ṣe kílíìpù kan tó ń fi ara rẹ̀ mú abẹ́ irun tí wọ́n dì, kí wáyà lè tẹ awọ orí dáadáa. Ọdún 2020 ni iṣẹ́ náà di mímọ̀. Kò sí onídìrí kan ní ọjà Wuse tí kò ní lóye rẹ̀ kíákíá. Bí èmi bá ń dá láàbù sílẹ̀ ní Àbújá, onídìrí á wà lára àwọn tí mo máa gbà síṣẹ́, màá sì san owó rẹ̀ láti inú owó ìwádìí.

Ohun tí wọ́n ti rí

Tí rọpárọsẹ̀ bá kọ lu èèyàn, ọ̀nà méjì ló sábà máa ń gbà wá: yálà ẹ̀jẹ̀ dì, ó dí òpó, tàbí òpó bẹ́, ẹ̀jẹ̀ dà sínú ọpọlọ. Lójú lásán, ẹnu tó yí àti apá tó rọ ò lè fi hàn yín èwo ni. Oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n bá fún èèyàn láàárín wákàtí mẹ́rin ààbọ̀, àmọ́ tí wọ́n bá fún ẹni tí òpó rẹ̀ bẹ́, wọ́n lè fi pa á. Síkáànì ló ń ya méjèèjì sọ́tọ̀. Nínú ìwádìí SIREN, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Ìbàdàn ṣáájú rẹ̀ ní Nàìjíríà àti Gánà, tí àwọn dókítà láti Ìlọrin, Sàríà àti Kánò náà kópa nínú rẹ̀, síkáànì ni wọ́n fi jẹ́rìí sí i kí wọ́n tó ka ẹnikẹ́ni mọ́ aláìsàn. Wọ́n fi èèyàn 2,118 tó ní rọpárọsẹ̀ wé iye kan náà tí kò ní in, wọ́n sì gbé èsì jáde ní 2018. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú gbogbo ohun tó ń fà á. Ìtọ̀ ṣúgà wà níbẹ̀, bíbu iyọ̀ sí oúnjẹ tó ti délẹ̀ wà níbẹ̀, àìjẹ ẹ̀fọ́ náà sì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ sùyà lójoojúmọ́, ẹran jíjẹ ní gbogbo ìgbà kò gbẹ́yìn lórí ìwé yẹn, ẹ dákun.

Èyí tó wú mi lórí jù ṣẹlẹ̀ ní Màláwì. Ibà tó wọ ọpọlọ ń pa àwọn ọmọdé, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń pa wọ́n ní Sókótó àti Kebbi, síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún àwọn dókítà ò lè sọ ohun náà gan-an tó ń gba ẹ̀mí wọn. Ní 2008, ẹ̀rọ MRI dé sí ilé ìwòsàn Queen Elizabeth ní Blantyre. Agbára rẹ̀ kò ju 0.35 tesla lọ, irú èyí tí àwọn ará òkè òkun á fojú di. Terrie Taylor, dókítà ará Amẹ́ríkà tó ti ń tọ́jú àwọn ọmọ ní ìlú náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, àti àwọn ará Màláwì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, fi ya ọpọlọ ọmọ 168 tí ibà ti dá kú. Ọmọ 25 kú nínú wọn. Nígbà tí wọ́n wo àwòrán, 21 nínú 25 yẹn ni ọpọlọ wọn ti wú gan-an, débi pé kò rí àyè mọ́ nínú agbárí. Nínú àwọn tó yè, ọ̀pọ̀ ni tiwọn kò wú tó bẹ́ẹ̀, bó bá sì wú, ó tún lọ sílẹ̀ kíákíá. Ọpọlọ tó wú ń tẹ ibi tó ń darí èémí mọ́lẹ̀, ọmọ á sì dákẹ́ mímí.

Ọdún 2015 ni èsì yìí jáde, ó sì yí ìbéèrè padà: ṣé tí a bá fi ẹ̀rọ bá ọmọ náà mí títí ọpọlọ á fi fà sẹ́yìn, kò ní yè? Ẹ̀rọ kékeré ló bí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó wà níbi tí àrùn wà, àti pé àwọn tó mọ àrùn náà ló dúró tì í lóru. Kò sí ẹ̀rọ 7 tesla ní Boston tó lè rí i, torí ọmọ tó ní irú ibà bẹ́ẹ̀ kò sí ní Boston.

Ìkìlọ̀ kan rèé kí n tó kọjá. Àwòrán aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò tí ẹ máa ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n á ní "ibi tí ìfẹ́ wà nínú ọpọlọ nìyí," ẹ fura sí i. Seiji Ogawa, ará Japan, ló fi hàn ní 1990 pé MRI lè tọpa ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn lọ síbi tí ọpọlọ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ló ń rí o, kò rí èrò ọkàn ẹnikẹ́ni. Ní 2009, Craig Bennett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé òkú ẹja sínú ẹ̀rọ, wọ́n fi fọ́tò èèyàn hàn án, wọ́n ní kó sọ bó ṣe rò pé inú ẹni náà rí. Bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀ láìṣe àtúnṣe tó yẹ, ó dà bíi pé ọpọlọ òkú ẹja ń ronú. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe; wọ́n fẹ́ fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bí ìṣirò tí kò péye ṣe ń purọ́ ni. Ní 2020, àwọn onímọ̀ míì kó dátà MRI kan ṣoṣo fún ẹgbẹ́ olùwádìí 70, kò sí ẹgbẹ́ méjì tó gba ọ̀nà kan náà yẹ̀ ẹ́ wò, ìdáhùn wọn sì ta kora lórí àwọn ìbéèrè kan. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ wọn ò bàjẹ́, iná wọn ò sì lọ.

Orí tí AI kò tíì rí

Ọ̀rọ̀ yìí ti wá gbóná sí i nítorí AI, ọgbọ́n àtọwọ́dá inú kọ̀ǹpútà. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka àwòrán ọpọlọ, tó ń fa ìlà yí kókó inú ọpọlọ ká, àwòrán àwọn ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Tí ẹ bá gbé àwòrán tí wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré yà ní Nàìjíríà fún un, àwòrán tí kò mọ́ tó tiwọn, ti aláìsàn tó pẹ́ kó tó wá tí kókó rẹ̀ sì ti tóbi, ó lè ṣìnà. Udunna Anazodo, ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ olùkọ́ ní McGill University ní Kánádà, wà lára àwọn tó dá CAMERA sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ní iṣẹ́ MRI. Láti 2023 ni àwòrán kókó ọpọlọ láti Áfíríkà ti wọ inú ìdíje ńlá tí wọ́n fi ń dán irú AI yìí wò lágbàáyé.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wàhálà ìgbẹ́kẹ̀lé wà, ní Àríwá pàápàá. Ní 1996, nígbà tí àrùn yínrùnyínrùn ń jà ní Kánò, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára ọmọdé. Ọmọ 200 ló wà nínú ìwádìí náà, 11 kú. Pfizer ní àrùn ló pa wọ́n, oògùn òun kọ́. Àwọn ẹbí ní wọn ò ṣàlàyé fún àwọn dáadáa pé ìwádìí ni. Ẹjọ́ náà fà títí di 2009, kí Pfizer tó gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là nínú àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Kánò. Kó tó dìgbà yẹn, ní 2003, àwọn kan ní Àríwá ti kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kánò sì wà lára ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá wá sọ fún irú ìlú bẹ́ẹ̀ pé òun fẹ́ gbé orí wọn sínú ẹ̀rọ, kó mọ̀ pé òun ń gbé ìtàn yìí sẹ́yìn, bí òun tilẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọn ò tíì bí nígbà náà. Òfin ààbò dátà ti 2023 wà nílẹ̀ báyìí, ó sì yẹ kí láàbù tẹ̀lé e gidigidi, nítorí pé àwòrán MRI orí ń gba ojú àti imú èèyàn mọ́ ọpọlọ. Ní 2019, àwọn olùwádìí ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà fi hàn pé kọ̀ǹpútà lè fi àwòrán bẹ́ẹ̀ dá èèyàn mọ̀.

Ẹ̀rọ kékeré, ọwọ́ tiwa

Ìrètí wà, mi ò ní ṣe bíi pé kò sí. Ẹ̀rọ Swoop ti ilé iṣẹ́ Hyperfine, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2020, ní táyà, sókẹ́ẹ̀tì ara ògiri ló ń lò, agbára òòfà rẹ̀ kò ju 0.064 tesla lọ. Wọ́n ti ń fi wo ọpọlọ ọmọdé ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan. Àwòrán rẹ̀ kò mọ́ bíi ti 1.5, àmọ́ ó tó láti rí ọ̀pọ̀ nǹkan ńlá. Èyí tó tún dùn mọ́ mi jù ni ti Mbarara ní Ùgáńdà. Johnes Obungoloch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ibẹ̀ gba àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ láti Netherlands, wọ́n sì fi ọjọ́ 11 to MRI kan jọ fúnra wọn, ẹ̀rọ tí wọ́n pète fún àwọn ọmọ tí omi ń kún lórí. Tó bá bàjẹ́ lọ́la, wọ́n mọ ibi tí bóòtù kọ̀ọ̀kan wà.

Lọ́dọ̀ wa náà, Mahmoud Bukar Maina, ọmọ Yòbè tó ń ṣe ìwádìí ní Yunifásítì Sussex, ti dá ibùdó ìwádìí BioRTC sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Yòbè ní Damaturu, ní ìlú tí ọ̀pọ̀ ń sá fún nítorí Boko Haram. Sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń wò níbẹ̀ ju àwòrán orí lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni kíkọ́ àwọn ọ̀dọ́. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà ló ka ìwé ìwádìí ọpọlọ tó lé ní 5,000 tó jáde láti Áfíríkà láàárín 1996 sí 2017. Nàìjíríà wà lára àwọn tó ṣáájú, àmọ́ ẹ̀rọ olówó ńlá kò wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ wọn. Ọpọlọ àwọn olùwádìí wa ń ṣiṣẹ́, irinṣẹ́ ló jìnnà sí wọn.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹni tí wọ́n bá wá bá ní Lugbe tàbí Nyanya pé kó wá kópa nínú ìwádìí. Ẹ lọ, tí ọkàn yín bá gbà á. Àmọ́ ẹ bèèrè ìwé ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí ìwádìí náà, ẹ bèèrè ibi tí àwòrán yín máa wà. Kí ẹ sì bèèrè ohun tó le jù fún láàbù kékeré láti dáhùn: tí ẹ̀rọ bá rí kókó kan ní orí yín, ẹ̀yin tí ara yín le, tí ẹ kàn wá ran ìwádìí lọ́wọ́, dókítà wo ló máa wò ó, láàárín ọjọ́ mélòó, ta ló sì máa san owó rẹ̀? Àwọn yàrá ìwádìí kan lókè òkun máa ń kọ ìdáhùn yìí sílẹ̀ kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni. Tiwa náà gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, ní èdè tí ẹ gbọ́, kí orúkọ ẹni tí ẹ máa pè àti nọ́ḿbà fóònù rẹ̀ wà lórí ìwé náà kí ẹ tó bọ́ bàtà.